Wákàtí Tí Wọ́n Yàn ní Íńdíà

Mi ò bá ìràwọ̀ jà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo bá ìràwọ̀ jà. Ìràwọ̀ wà lókè tirẹ̀, èmi wà nílẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì. Àbúrò mi tó lọ fa ìràwọ̀ wọ ilé bàbá wa ni mo ń bá jà, inú sì ń bí mi títí di òní tí mo jókòó kọ èyí.

Èmi ni àgbà, òun ló tẹ̀ lé mi. Àwa méjì péré ló kù nínú àwọn ọmọ tí ìyá wa bí. Àgbẹ̀ ni bàbá wa, ẹ̀gẹ́ àti kaṣú ló fi rán wa níléèwé. Èmi di tíṣà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú wa níbí, lójú ọ̀nà Ṣakí. Àbúrò mi ní tòun, òṣèlú ló wù ú. Ó díje, ó wọlé, ó di alága kánsù. Inú gbogbo wa dùn, mi ò ní purọ́. Ìyá mi jó títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀.

Ìbàdàn ni wọ́n ti búra fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa pọ̀. Wọ́n gbé Kùránì fún un, ó búra, ó fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Alága ti di alága. Lójú tèmi, kò sí ohun tó tún kù ju kó wá bá wa tún títì ṣe lọ.

Àṣé kò tíì parí. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó gbé bàbá rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Íńdíà nígbà kan rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yìí ti bá awòràwọ̀ kan pàdé, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù. Awòràwọ̀ ló ń sọ ọjọ́ tó máa ra mọ́tò, òun ló sọ ọjọ́ tó ṣí ilé epo rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi ti Ìbàdàn dé, ọ̀rẹ́ fi wákàtí tí wọ́n búra ránṣẹ́ sí Íńdíà kí wọ́n bá wọn wò ó. Èsì tó dé kò dára. Wọ́n ní ejò kan wà lójú ọ̀run tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ráhù. Orí lásán ni, kò lára, òun ló máa ń gbé oòrùn àti òṣùpá mì. Ojoojúmọ́ ló ní wákàtí tirẹ̀, ohunkóhun téèyàn bá sì bẹ̀rẹ̀ nínú wákàtí ejò yìí, kì í dé ibi tó ń lọ. Inú wákàtí rẹ̀ gan-an ni àbúrò mi ti búra.

Mo bi í léèrè pé, "Àwọn tí ẹ jọ búra ńkọ́? Ṣé ejò ti gbé gbogbo wọn mì ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìmọ̀ ni. Àwọn olórí ìjọba lọ́hùn-ún gan-an ń lò ó."

Ìmọ̀ ni! Ọmọ tí àfáà fi pàṣán nà kó tó lè ka Fàtíhà, òun ló wá ń kọ́ mi ní ìmọ̀ orí ejò.

Àtúnṣe tí wọ́n ní kó ṣe ni pé kó tún búra. Kó búra nílé, ní gbọ̀ngàn kánsù, lójú Kábíyèsí àti Lèmọ́mù àti àwọn pásítọ̀, ní ìṣẹ́jú tí awòràwọ̀ bá mú. Ìràwọ̀ tó bá ń yọ ní ìlà-oòrùn lásìkò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní adúróṣinṣin, kí àga má baà mì lábẹ́ ẹni tó jókòó lé e. Wọ́n ní ọjọ́ Àlàmísì ló dára jù, pé àwọ̀ yẹ́lò ló bá ọjọ́ náà mu. Àbúrò mi ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n bá a hun òfì yẹ́lò kan tó ń dunni lójú.

Ṣùgbọ́n kí awòràwọ̀ tó lè mú wákàtí, ó ní kó fi ọjọ́ tí wọ́n bí i ránṣẹ́. Ibí yìí ni ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí. Ọjọ́ tí wọ́n bí ta ni? Nígbà tiwa, tí wọ́n bá mú ọmọ dé iléèwé, ọ̀gá á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi di etí òsì mú. Tí ọwọ́ bá tó etí, ọmọ ti tó iléèwé nìyẹn, ọ̀gá á sì kọ ọjọ́ ìbí kan fún un bó ṣe wá sí i lọ́kàn. Àárín oṣù kẹfà ló kọ fún àbúrò mi, òun àti gbogbo àwọn tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n mọ ìgbà tí wọ́n bí i. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa là, ìyá mi ń fi òrí pa á lára látòkè délẹ̀. Láti ìgbà táláyé ti dáyé, ọyẹ́ ò fẹ́ nínú oṣù kẹfà rí.

Mo sọ fún un. Ó ní, "Èyí tí ìjọba mọ̀ ni tèmi, ẹ̀gbọ́n mi." Nígbà tó kan wákàtí, ó lọ bi bàbá wa, tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà. Bàbá wa wúkọ́ títí, ó ní, "Èmi? Oko ni mo wà nígbà tí ìyá rẹ bí ọ." Ni àbúrò mi bá ní kí wọ́n kọ aago mẹ́fà àárọ̀. Orí irọ́ méjèèjì yìí ni awòràwọ̀ gbé ìṣirò rẹ̀ kà, ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì kan, kí oòrùn tó wọ̀, ló sì mú jáde. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Ní gbogbo àkókò yẹn, bàbá wa ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀, àwa náà mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ wá fún. "Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá mi lókè eèpẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá kú ni kí ẹ sin mí. Kí ọmọkùnrin mi wà lára àwọn tó máa wẹ̀ mí, kí òun náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé mí sínú ilẹ̀." Ó sọ ọ́ títí ó fi sú wa. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ló kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé lọ sí mọ́ṣúárì nítorí àwọn tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ náà bí i nínú púpọ̀. Ó ní Mùsùlùmí kì í ṣe ẹja yìnyín. Mo ṣèlérí fún un. Àbúrò mi náà ṣèlérí, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Àlàmísì ìbúra yẹn gan-an, bí ladáànì ṣe ń pe ìrun àsùbá lọ́wọ́, bàbá mi mí kan, a retí èkejì, kò mí i mọ́. Orí itan ìyá mi ni orí rẹ̀ wà. Mo ké lẹ́ẹ̀kan, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, mo wá fóònù.

Àbúrò mi gbé e. Mo ní, "Bàbá ti..." Ó gé e. Mo tún pè, kò gbé e. Mo tún pè, ó ti pa fóònù.

Mo rò pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì ni. Òmùgọ̀ mi! Kò pẹ́ rárá tí mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dúró níwájú ilé, ọ̀rẹ́ sì wọlé láìbọ́ bàtà. Kò kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Alága ò tíì gbọ́ o."

Mo ní, "Kí ni alága ò gbọ́?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà, ẹni tí òkú bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ti di aláìmọ́ fún ọjọ́ gbọọrọ, kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé ohun tuntun kankan. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá gbọ́ ìròyìn náà ni àìmọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Tí kò bá tíì gbọ́, kò tíì kàn án. Ó ní awòràwọ̀ ti bá wọn ṣe àlàyé yìí láti ìgbà tí ara Bàbá ò ti yá. Wọ́n ti múra sílẹ̀ fún un! Ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ni àbúrò mi ń tẹ̀ lé nígbà tó gé fóònù mọ́ mi létí.

Ó gbọ́ ohùn mi ní àsùbá. Ó gbọ́ pé "Bàbá ti". Kí ló rò pé Bàbá ti ṣe? Bàbá ti jẹun?

Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa, mo ń lọ pe Lèmọ́mù báyìí, kí ìrun àìlà ọ̀sán tó pé bàbá mi á ti wà nínú ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ ò bá mi jiyàn. Ìyá mi ló kọjú sí. Ó ní, "Màmá, tí ọmọ yín bá búra pẹ̀lú òkú lọ́rùn, kò ní parí sáà rẹ̀. Orí àga yẹn ló máa kú sí. Wọ́n ti rí i." Ọkùnrin yìí sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tí òkú ọkọ rẹ̀ kò tíì tutù.

Ìyá mi gbé orí ọkọ rẹ̀ sórí ìrọ̀rí jẹ́jẹ́. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún èmi ọmọ tó bí. Ó ní, "Ọkọ mi ti lọ. Má jẹ́ kí n fi ọmọ lé e." Mo fà á dìde, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mo ní ó dáa, mo ti gbọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ?

Bí a ṣe wà pẹ̀lú òkú láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn Òkè-Ògùn. Páànù ń lọ́, iná ò sí, kaṣú níwájú ilé pàápàá sọ orí kọ́. Ìyá mi jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ní, "Ìyá, kí lẹ̀ ń fẹ́?" Ó ní kí eṣinṣin má baà bà lé e ni. Àwọn èèyàn tó ń lọ síbi ìbúra ń yà láti wá kí bàbá alága. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá, wọ́n á na ọrùn wo inú òkùnkùn yàrá, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú oríire o! Ẹ kú ọmọ!" Abẹ̀bẹ̀ kò ní dúró. Ìyá mi á ní, "Ẹ ṣé o, ara rẹ̀ ò yá, ẹ má wọlé." Wọ́n á ní Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Ìyá mi á ní àmín.

Nígbà tí oòrùn mú gan-an, mo lọ ra yìnyín lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja. Ó ní ṣé a fẹ́ fi tu ohun mímu àwọn àlejò alága ni, ó sì bù kún un fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo gbé e sábẹ́ aṣọ bàbá mi. Òórùn ẹja wà lára yìnyín yẹn. Bàbá mi tó ní Mùsùlùmí kì í ṣe ẹja yìnyín. Ọlọ́run ló ń rí mi, nígbà tí mo gbé e kà síbẹ̀ ni sùúrù mi tán. Ìlérí tí mo ṣe fún ìyá mi, mo yẹ̀ ẹ́. Mo wé gèlè, mo gun ọ̀kadà, ó di gbọ̀ngàn kánsù.

Ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Kábíyèsí ti jókòó, Lèmọ́mù jókòó, pásítọ̀ jókòó, gbogbo wọn ń làágùn, wọ́n ń dúró de ìṣẹ́jú Íńdíà. Ọ̀rẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀ mí, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n alága ni, wọ́n là fún mi. Mo rìn lọ tààrà sọ́dọ̀ àbúrò mi nínú òfì yẹ́lò rẹ̀. Mo dì í mọ́ra. Mo fi ẹnu mi síbi etí rẹ̀ gan-an, mo ní, "Bàbá ti kú. Àsùbá ló kú. Ó wà nílẹ̀ nílé, lórí yìnyín. Dìde, jẹ́ ká lọ sin bàbá wa."

Gbogbo ara rẹ̀ gan. Mo mọ̀ ọ́n lára, torí mo ṣì dì í mú. Lẹ́yìn náà ló fà sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń ya fọ́tò, ó sì kígbe pé, "Àmín o! Àmín, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wúre fún mi yìí o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn ní àmín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fọ́tò náà ṣì wà lórí Fesibúùkù rẹ̀ títí di òní, èmi àti òun, ojú mi lójú rẹ̀, èèyàn rẹpẹtẹ ló sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n rere ṣọ̀wọ́n.

Ó yẹ kí n pariwo. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀ ń sọ lọ́kàn yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo wo Lèmọ́mù, mo wo Kábíyèsí, mo wo àwọn àgbààgbà ìlú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n wà níbẹ̀ o. Mo rí i lójú àwọn kan nínú wọn pé wọ́n ti mọ̀. Ìlú wa kékeré, èmi sì ti ké ní àsùbá. Wọ́n yí ojú kúrò. Ta ni kò ní ọmọ tó ń wáṣẹ́ sí kánsù? Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú mi jókòó, wọ́n fún mi ní omi.

Ọ̀rẹ́ gbé ọwọ́ sókè. Ìṣẹ́jú ti pé. Àbúrò mi di Kùránì mú lẹ́ẹ̀kejì, ó fi Ọlọ́run búra pé òun á máa ṣòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n jẹun, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Oòrùn wọ̀. Ìgbà tí wọ́n kírun màgàríbì tán ni ọ̀rẹ́ wá kéde pé bàbá alága ti jáde láyé báyìí báyìí, pé ó gbọ́ pé ọmọ òun ti búra, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sùn. Àbúrò mi ṣubú lulẹ̀ nínú òfì rẹ̀, ó ké bí ọmọdé. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ẹkún náà jẹ́ òótọ́. Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú jù, pé láti àárọ̀ ló ti ń gbé ẹkún yẹn káàkiri nínú rẹ̀, ó ń fi pamọ́ de Íńdíà.

Lèmọ́mù ní ilẹ̀ ti ṣú, ó di àárọ̀ ọ̀la. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá bàbá mi lókè eèpẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́, wọ́n pe àbúrò mi. Kò wọlé. Awòràwọ̀ ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú. Inú mọ́tò ló wà tí wọ́n fi wẹ bàbá rẹ̀, gíláàsì mọ́tò wà ní títì. Ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló gbé bàbá mi sínú ilẹ̀. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ wọn bá pàdé, òkú tó ti sùn tipẹ́ kì í ṣe òkú tuntun. Wọ́n bomi fọwọ́, wọ́n lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ fìdáù, kánọ́pì kún iwájú ilé wa, èrò ò gba ẹsẹ̀. Àbúrò mi jókòó níwájú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àfáà kan wá, ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní kí gbogbo wa máa dúpẹ́. Ó ní bàbá yìí kú lẹ́yìn màgàríbì Àlàmísì, a sì mọ̀ pé tí oòrùn Àlàmísì bá ti wọ̀, ó ti di òru Jímọ̀. Ó ní ẹni tó bá kú ní òru Jímọ̀, Ọlọ́run á mú ìyà sàréè fò ó. Ó ní oríire lórí oríire ni, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí àga, ó sì tún bá Jímọ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń ké Alìhàmdùlíláì. Wọ́n ń yíjú wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ti ń dìde. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, tí gbogbo kánọ́pì yẹn máa fi wó lé wọn lórí.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Opó kì í jáde sáàárín èrò, ẹnu ọ̀nà yàrá ni ó dúró sí nínú aṣọ opó rẹ̀. Kò gbóhùn sókè. Àfáà ló ní kí wọ́n dákẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí ìyá ń wí.

"Àfáà, ìbéèrè ni mo ní. Opó tí mo ń ṣe yìí, ṣé Àlàmísì ni kí n ti máa kà á ni, àbí Jímọ̀?"

Àfáà wo àbúrò mi. Àbúrò mi wo ilẹ̀. Àfáà ní, "Ìyá, ọjọ́ tí ọkọ yín kú gan-an ni."

"A jẹ́ pé Àlàmísì ni. Àsùbá Àlàmísì ló kú, orí itan mi ló kú sí. Mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí di alẹ́."

Ọ̀rẹ́ dìde bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnì kan fà á ní aṣọ, ó jókòó.

Ìyá mi ní, "Kò bá Jímọ̀ lọ, Àfáà. Ẹ̀ ń dúpẹ́ lórí ohun tí ọkọ mi kò rí gbà. Ẹ dákun, ẹ tún àdúrà yẹn ṣe. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún un, bí ẹni tó nílò ẹ̀bẹ̀."

Àfáà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.